Bill Wilson

William Griffith Wilson, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Bill Wilson tàbí Bill W. (ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1895 – ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1971), jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí òun àti Dókítà Robert Holbrook Smith jọ dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní ọdún 1935. Ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Àwọn Ọ̀mùtí Tí A Kò Dárúkọ, AA sì ni ìkékúrú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni ó sọ ọ́ di àṣà káàkiri ayé pé kí àwọn tí ọtí ti di bárakú fún máa pàdé, kí oníkálukú sọ ìtàn ara rẹ̀, kí wọ́n sì ti ara wọn lẹ́yìn láti má mutí mọ́. Wilson kì í ṣe dókítà tàbí àlùfáà. Ọ̀mùtí ni òun fúnra rẹ̀, ohun tí ó sì ṣàwárí ni pé ọ̀mùtí lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọ etí ikún sí ti dókítà, ti ìyàwó àti ti àlùfáà.

Ìbí àti ìgbà èwe

A bí Wilson ní abúlé East Dorset ní ìpínlẹ̀ Vermont. Ilé ìtura kan tí ìyá bàbá rẹ̀ ń darí ni wọ́n bí i sí, nínú yàrá kan tí ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Gilman Wilson ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ wíwa òkúta mábù ni ó sì ń ṣe. Emily Griffith ni ìyá rẹ̀. Ọtí kì í ṣe àjèjì nínú ìdílé bàbá rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ William, ti mutí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó gun òkè Aeolus lọ, ó gbàdúrà níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì fẹnu kan ọtí mọ́ títí tí ó fi kú. Wilson kò bá bàbá àgbà yìí láyé, ṣùgbọ́n inú ilé tí wọ́n ti ń pa ìtàn náà ni ó dàgbà sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1906, bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Boston. Òun àti Dorothy àbúrò rẹ̀ wá di ọmọ tí àwọn òbí ìyá wọn, Fayette àti Ella Griffith, ń tọ́. Nígbà tí Fayette sọ fún un lọ́jọ́ kan pé àwọn ará Australia nìkan ni ó lè gbẹ́ boomerang, ìyẹn igi títẹ̀ tí a ń jù tí ó sì ń fò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó jù ú, ọmọ náà fi odidi oṣù mélòó kan gbẹ́gi. Èyí tí ó fò padà níkẹyìn, pákó orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ni ó gé láti fi ṣe é. Ìwà kí á má gbà pé a kò lè ṣe nǹkan yìí bá a lọ títí ó fi dàgbà. Ó ràn án lọ́wọ́ nínú ìwé àti nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí ó tètè gbà pé ọtí ti borí òun.

Ní ilé-ìwé Burr and Burton ní ìlú Manchester ní Vermont, ó ta fayolín, ó sì jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bertha Bamford. Ọmọbìnrin náà kú ní ọdún 1912 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìbànújẹ́ sì dá Wilson wó débi pé kò lè kàwé mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Irú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bẹ́ẹ̀ padà bá a lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ayé rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ó ti fi ọtí sílẹ̀.

Ife àkọ́kọ́

Wilson lọ sí Yunifásítì Norwich, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ológun. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1917, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ọmọ ogun, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àwọn olówó ìlú náà máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun sí àríyá. Wilson ga, ó rí gánnagànna, ojú sì máa ń tì í láàrin àwùjọ. Níbi ọ̀kan nínú àwọn àríyá yìí ni wọ́n ti gbé ọtí lé e lọ́wọ́, ẹni ọdún mọ́kànlélógún sì ni nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, ìtìjú náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun náà wà lára àwọn ènìyàn tí ó yí òun ká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń mu àmuyó.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1918, ó gbé Lois Burnham níyàwó, ọmọ dókítà kan ní Brooklyn tí ó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí òkúta ibojì kan nínú ọgbà Kàtídírà Winchester, ti ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Thomas Thetcher, tí ó kú ní ọdún 1764 nítorí bíà tútù tí ó mu nígbà tí ooru ń mú un. Wilson ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì kọjá lọ. Ọdún ogún lẹ́yìn náà ni ó tó fi òkúta náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé rẹ̀ nínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ tí òun kò kọbi ara sí.

Ọjà ṣíà àti ìṣubú

Nígbà tí ó dé láti ojú ogun ní ọdún 1919, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Brooklyn, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó wádìí ilé iṣẹ́ kan kí àwọn olówó tó ra ṣíà rẹ̀. Ní ọdún 1925, òun àti Lois gun alùpùpù tí a so ìjókòó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé àgọ́ lẹ́yìn, wọ́n sì ń lọ láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́, tí Wilson ń wo ẹ̀rọ, tí ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí New York. Owó dé. Ọtí pẹ̀lú ń pọ̀ sí i. Ó kọ ìlérí sínú Bíbélì ilé wọn léraléra pé òun kò ní mutí mọ́, ó sì buwọ́ lù ú. Ìlérí kan wà lábẹ́ òmíràn lórí ewé kan náà.

Nígbà tí ọjà ṣíà wó ní oṣù kẹwàá ọdún 1929, gbogbo ohun tí ó ní lọ. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀mùtí síṣẹ́ mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó padà sí ilé àwọn òbí Lois ní nọ́ńbà 182, òpópónà Clinton, Brooklyn, Lois sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà Macy's láti bọ́ àwọn méjèèjì. Oyún Lois bàjẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kò sì rí ọmọ bí. Àwọn tí ń kọ̀tàn Wilson kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí ohun tí obìnrin yìí rí ní ọdún wọ̀nyí, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí láìsí owó oṣù rẹ̀ kì bá tí sí ilé tí ìpàdé yóò ti wáyé lẹ́yìn ọ̀la.

Ilé ìwòsàn Towns

Ní ọdún 1933 àti 1934, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbé Wilson lọ sí Ilé Ìwòsàn Towns ní New York, tí ó wà fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún. Dókítà William Silkworth tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní èrò tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó gbà pé àìsàn ni ìmutípara, pé ara àwọn kan kò gba ọtí bíi ti ẹlòmíràn: ife kan yóò fa èkejì láìsí ìdádúró, ọkàn wọn kò sì ní yé padà sórí ife àkọ́kọ́ náà. Ní ayé tí wọ́n ti ń wo ọ̀mùtí bí ọ̀lẹ tàbí ẹlẹ́ṣẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ yìí gbé ẹ̀rù ìtìjú kúrò lórí Wilson. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò tó, ó tún padà sídìí ọtí. Dókítà náà sọ fún Lois pé bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò ya wèrè tàbí kí ó kú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1934, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Ebby Thacher, wá kí i ní òpópónà Clinton. Wọ́n ti jọ mutí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wilson gbé ọtí síwájú rẹ̀, Ebby sì kọ̀ ọ́. Ó ti dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Oxford Group, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn fún ara wọn tí wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó mú Ebby wọ inú ẹgbẹ́ náà ni Rowland Hazard, ọmọ olówó kan tí ó ti lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ Carl Jung, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ọkàn ní orílẹ̀-èdè Switzerland, tí Jung sì ti sọ fún pé ìṣègùn kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ìyípadà ẹ̀mí bá dé bá a.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1934, Wilson mu ọtí ìkẹyìn rẹ̀, ó sì padà sí Towns. Níbẹ̀, nínú ìbànújẹ́ tí ó pọ̀ jù, ó ké pe Ọlọ́run, ó sì rí i bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ńlá kún yàrá náà, tí afẹ́fẹ́ orí òkè sì ń fẹ́ lù ú. Àwọn kan ti sọ pé oògùn belladonna tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà ni ó fa ìran yìí. Òun náà bẹ̀rù pé orí òun ti dàrú, ó sì bi Silkworth léèrè. Dókítà náà gbà á nímọ̀ràn kí ó di ohun tí ó rí mú, ohun yòówù kí ó jẹ́. Kò tún mutí mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ó kù láyé.

Akron, ọdún 1935

Fún nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Wilson ń lé àwọn ọ̀mùtí kiri New York, ó ń wàásù fún wọn nípa ìmọ́lẹ̀ tí ó rí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fi ọtí sílẹ̀. Silkworth ni ó tún un ṣe fún un: kí ó dẹ́kun ìwàásù, kí ó kọ́kọ́ sọ ti àìsàn náà, bí ó ṣe ń pa ara àti bí ó ṣe ń de ọkàn. Wilson sì ṣàkíyèsí ohun kan tí Lois pẹ̀lú rí, pé bí wọn kò tilẹ̀ yí padà, òun fúnra òun kò mutí.

Ní oṣù karùn-ún, ó lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio nítorí ìjà lórí ẹni tí yóò darí ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ rọ́bà. Bí ìjà náà bá bọ́ sí i, yóò tún di ènìyàn pàtàkì. Wọ́n pàdánù. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà sílé, ó sì ku òun nìkan ní Òtẹ́ẹ̀lì Mayflower ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, pẹ̀lú nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá lápò. Ní ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀rín àti ariwo ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní apá kan. Ní apá kejì ni tẹlifóònù wà, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú sí. Ó rò ó pé kí òun wọlé lọ mu ọtí ẹlẹ́ridòdò, kí òun sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á lójijì, nítorí ó mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Kò sí ìpàdé kankan nígbà náà tí ẹni tí ọtí ń dà láàmú lè wá lọ, ní Akron tàbí níbikíbi tí Wilson mọ̀. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀mùtí kan ṣoṣo tí òun lè bá sọ̀rọ̀, kí òun náà má bàa ṣubú. Ó mú orúkọ kan lórí pátákó náà, ti àlùfáà Walter Tunks, ó sì pè é. Tunks fún un ní orúkọ àwọn ènìyàn mìíràn. Ó pe ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn; àwọn kan kò sí nílé, àwọn kan kò lè ràn án lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn ó kan Henrietta Seiberling, ìyàwó ilé àwọn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ táyà Goodyear sílẹ̀, tí òun náà wà nínú Oxford Group. Obìnrin yìí mọ dókítà kan tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún. Ó pe ilé dókítà náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti mutí yó lọ́jọ́ náà, kò lè dìde.

Robert Smith, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Bob, jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ọmọ Vermont bíi ti Wilson, ó sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ. Ó ti lọ sí ìpàdé Oxford Group fún ọdún méjì ó lé, ó ti jẹ́wọ́ fún wọn pé ọtí ń pa òun, síbẹ̀ ó ń mu ún. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ Ọjọ́ Àwọn Ìyá, Anne ìyàwó rẹ̀ mú un wá sí ilé Henrietta. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti bá ìyàwó rẹ̀ ṣe àdéhùn pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni òun yóò lò. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó dìde. Wilson kò wàásù fún un. Ìtàn ara rẹ̀ ni ó sọ, ó sì jẹ́ kí ó yé Smith pé òun nílò rẹ̀ bí òun náà ṣe nílò òun. Ohun tí Smith padà sọ fún àwọn ènìyàn ni pé Wilson ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá òun sọ̀rọ̀ ọtí tí ó sì mọ ohun tí ó ń sọ láti inú ìrírí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí níbẹ̀. Wilson kó lọ sí ilé Smith ní Ardmore Avenue. Ní oṣù kẹfà, Smith lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní Atlantic City, ó sì mutí lọ́nà àlọ àti àbọ̀. Wilson àti Anne tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí iṣẹ́ abẹ kan ń dúró dè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, Wilson fún un ní ìgò bíà kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn iṣẹ́, kò tètè padà wálé. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn tí ó ti ṣẹ̀. Ìgò bíà yẹn ni ọtí ìkẹyìn rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1935 ni ẹgbẹ́ AA kà sí ọjọ́ náà, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù yìí kan náà ni àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Akron láti bá agbẹjọ́rò kan, Bill Dotson, sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn rẹ̀. Òun ni ó di ẹnì kẹta.

Ìpàdé òpópónà Clinton

Nígbà tí Wilson padà sí Brooklyn, ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé nínú ilé rẹ̀ ní alaalẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun àti Lois tún ń gba àwọn ọ̀mùtí sílé, wọ́n ń bọ́ wọn. Èyí kò so èso tí wọ́n rò. Àwọn kan jí nǹkan wọn tà, ọ̀kan sì pa ara rẹ̀ nínú ilé náà. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé àwọn tí wọ́n ń ti ilé ara wọn wá sí ìpàdé ń yè bọ́ ju àwọn tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wọn lọ. Lois alára bínú lọ́jọ́ kan tí Wilson ní kí ó yára kí wọ́n má bàa pẹ́ dé ìpàdé, ó sì ju bàtà lù ú. Inú ìbínú yẹn ni ó ti mọ̀ pé àwọn ará ilé ọ̀mùtí náà ní ọgbẹ́ tiwọn. Ní ọdún 1951, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Al-Anon sílẹ̀, ẹgbẹ́ fún àwọn ìyàwó, ọkọ àti ẹbí.

Ní ọdún 1937, nígbà tí Wilson àti Smith jókòó ka àwọn tí ó ti fi ọtí sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì, wọ́n rí nǹkan bí ogójì. Ní ọdún yìí ni àwọn ti New York kúrò lábẹ́ Oxford Group; àwọn ti Akron tẹ̀lé wọn ní ọdún 1939.

Ìwé ńlá

Kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jìnnà, Wilson bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ní òpin ọdún 1938, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní òpópónà Clinton, ó kọ Ìgbésẹ̀ Méjìlá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lákòótán, ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní kí ènìyàn gbà pé agbára òun kò ká ọtí mọ́, kí ó fi ara rẹ̀ lé agbára tí ó ju tirẹ̀ lọ lọ́wọ́, kí ó yẹ ìwà ara rẹ̀ wò, kí ó jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn, kí ó ṣe àtúnṣe fún àwọn tí ó ti pa lára, kí ó sì gbé ìròyìn náà tọ ọ̀mùtí mìíràn lọ. Àríyànjiyàn ńlá wáyé. Àwọn kan fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ ti ẹ̀sìn Kristi pátápátá. Àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ kò fẹ́ rí orúkọ Rẹ̀ rárá. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé kí oníkálukú mú Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yé e. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó jẹ́ kí ìpàdé náà lè wọ ìlú Mùsùlùmí, ti Búdà àti ti àwọn tí kò ní ẹ̀sìn.

Ìwé náà, Alcoholics Anonymous, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1939. Bébà rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìwé Ńlá. Ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ láìtà. Ní oṣù kan náà, báńkì gba ilé òpópónà Clinton, Wilson àti Lois sì di ẹni tí ń sùn kiri ilé ọ̀rẹ́ fún ọdún méjì, títí wọ́n fi rí ilé kan ní Bedford Hills ní ọdún 1941, tí wọ́n sọ ní Stepping Stones. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1941, Jack Alexander kọ̀ròyìn nípa ẹgbẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Saturday Evening Post. Ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, wọ́n ti tó 8,000.

Owó, orúkọ àti agbára

Ohun tí ó mú kí ìpàdé AA rí bí ó ṣe rí lónìí ni àwọn ohun tí Wilson fẹ́ tí kò rí gbà. Ilé Ìwòsàn Towns fi iṣẹ́ olówó oṣù lọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń pàdé nínú ilé rẹ̀ sì ní kí ó má gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yóò di òwò. Ó retí owó gọbọi lọ́dọ̀ John D. Rockefeller kékeré, $5,000 ni olówó náà fi sílẹ̀ ní ọdún 1938, ó sì ṣàlàyé pé owó púpọ̀ yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Kò dùn mọ́ Wilson nínú nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ Àṣà Méjìlá ti ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1946, ohun tí ìjákulẹ̀ wọ̀nyí kọ́ ọ ni ó kọ síbẹ̀: kí ẹgbẹ́ máa fi owó ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kí ó má dá sí òṣèlú, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ rẹ̀ ṣe fáàrí nínú ìwé ìròyìn, kí ìfẹ́ láti fi ọtí sílẹ̀ sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọlé. Ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Cleveland ní ọdún 1950 fọwọ́ sí i. Smith kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Wilson fẹ́ràn kí a yìn ín, gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ oyè ọ̀wọ̀ tí Yunifásítì Yale fẹ́ fi dá a lọ́lá ní ọdún 1954, kò sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú, bí wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni àwọn yóò yà. Ní ọdún 1955, ní ìlú St. Louis, ó gbé ìṣàkóso ẹgbẹ́ náà lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Ìrẹ̀wẹ̀sì àti àríyànjiyàn

Láti nǹkan bí ọdún 1944, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò lè ṣe ju kí ó jókòó lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan bínú pé ẹni tí ó kọ Ìgbésẹ̀ Méjìlá kò yẹ kó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ó sì lọ bá oníṣègùn ọkàn láìka ìbínú wọn sí. Ní ọdún 1956, ó lo oògùn LSD lábẹ́ àbójútó dókítà ní California, nígbà tí òfin kò tíì dè é, nítorí ó rò pé ó lè ṣí ọkàn ọ̀mùtí tí kò lè gbàgbọ́. Èyí dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ó sì padà fi í sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ tún sọ pé kò ṣe olóòótọ́ sí Lois nínú ìgbéyàwó wọn; ó sì pín díẹ̀ nínú owó ìwé rẹ̀ fún Helen Wynn, obìnrin kan tí wọ́n jọ sún mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ikú rẹ̀

Sìgá ni ó pa á. Kò lè fi í sílẹ̀ títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì fi hàn pé ó béèrè fún ọtí wisikí lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọn kò fún un. Ó kú ní Miami ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1971, ọjọ́ tí ó pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tí ó gbé Lois níyàwó. Ọjọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ jáde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Wọ́n sin ín sí East Dorset, wọn kò sì kọ orúkọ AA sára òkúta ibojì rẹ̀. Lois kú ní ọdún 1988. Ní ọdún 1999, Time ka Wilson mọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ṣe pàtàkì jù ní ọ̀rúndún ogún. Ilé tí wọ́n bí i sí ṣì ń gba àlejò, ìpàdé AA sì ń wáyé níbẹ̀.

Ìpàdé náà lónìí

Ẹgbẹ́ AA sọ pé òun ní ìpàdé ní nǹkan bí 180 orílẹ̀-èdè, iye ọmọ ẹgbẹ́ sì ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kò sí owó ìwọlé. Wọ́n lè gbé igbá kiri fún ẹni tí ó bá fẹ́ dáwó. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni ènìyàn ń dá, kò sì pọn dandan kí àlejò sọ̀rọ̀. Ìpàdé kan wà tí gbogbo ènìyàn lè wá, òmíràn sì wà fún àwọn tí ọtí ń dà láàmú nìkan. Lórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà ni a ti ń rí àwọn ìpàdé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún ẹni tí ó wà ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní àgbègbè Coconut, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Oṣòdì lẹ́bàá èbúté Tin Can, awakọ̀ tírélà ti máa ń tò sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti wọ èbúté, paraga, ògógóró àti ọtí inú ọ̀rá sì wà nítòsí wọn tọ̀sán-tòru. Àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn tí ń ṣe ọtí inú ọ̀rá lọ́wọ́ kò ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn onílé iṣẹ́ sì tako ó. Ṣùgbọ́n òfin lórí ọ̀rá kò dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó ti fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ní Àjẹ́gúnlẹ̀ tí kò mọ ẹni tí yóò bá sọ ọ́, tí ó sì ń bẹ̀rù pé ará àdúgbò yóò rí òun. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òfin àìdárúkọ fi wà. Ẹni tí ó ti mutí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn fi wà nínú ìtàn Wilson láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Yábà jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú bárakú ní Èkó.

Níbi tí kò bá sí ìpàdé nítòsí, àṣà AA gbà pé ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá jókòó papọ̀ kí wọ́n má bàa mutí lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́. Fún àwọn tí kò tilẹ̀ rí ẹnì kejì, ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe ìpàdé nípa lẹ́tà láti ìgbà ayé Wilson, àwọn atukọ̀ ojú omi tí ń ti èbúté dé èbúté sì wà lára àwọn tí ń kọ̀wé síra wọn.